Odò Ọya àti Àlùbọ́sà Inú Ọbẹ̀ Wa

Lónìí, ọ̀rọ̀ Odò Ọya la mú wá, èyí tí wọ́n ń pè ní Niger lédè Faransé.

Ẹ lè ní: kí ló kàn wá ní Parakou níbí? Omi ẹ̀rọ tí à ń mu, odò Okpara ló ti ń wá, Okpara sì ń ṣàn lọ bá odò Ouémé ní gúúsù. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo àlùbọ́sà ní ọjà Arzèkè, ẹ wo ìrẹsì tó ń ti Malanville bọ̀. Omi Odò Ọya ni wọ́n mu dàgbà.

Báwo wá ni odò ṣe ń kún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Odò yìí gùn tó nǹkan bíi 4,200 kìlómítà. Orí òkè ní Guinée ló ti bẹ̀rẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ síbẹ̀ ní oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án á ṣàn wọ Mali, á tẹ́ sílẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá kan létí aṣálẹ̀. Oòrùn á fa púpọ̀ nínú rẹ̀ gbẹ. Èyí tó kù á máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kó tó dé Malanville, ọyẹ́ ti dé, oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní ni. Òjò tiwa ti dá tipẹ́, síbẹ̀ odò kún. Omi àlejò yẹn ni àgbẹ̀ ń rí fi gbin àlùbọ́sà.

Wọ́n ní omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá sé e lókè ńkọ́? Mali ní ìsédò Markala, wọ́n sì ti ń kọ́ ti Kandadji ní Niger. Ọ̀dá náà ò sinmi: ní 1985, odò yìí dá ṣíṣàn dúró ní Niamey.

Ìdí nìyí tí orílẹ̀-èdè 9, Bénin náà wà níbẹ̀, fi wà nínú ẹgbẹ́ ABN, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Niamey. Ní 2008, wọ́n ṣe àdéhùn lórí omi náà: orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá lórí odò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún àwọn yòókù.

Àmọ́ àdéhùn ìjọba nìkan ò tó. Odò Mékrou, Alibori àti Sota, láti ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń wọ inú Odò Ọya, àárín oko òwú ni wọ́n sì ń gbà kọjá. Ẹ bá wa sọ fún àwọn èèyàn yín ní Kandi àti Banikoara:

Ẹ má fọ ike oògùn òwú sódò, ẹ má sì fi irú ike bẹ́ẹ̀ pọn omi mímu láé. Májèlé ni.

Ẹ má roko dé etí odò. Gbòǹgbò igi ló ń di ilẹ̀ mú. Bí ilẹ̀ bá wọ́ sódò, yanrìn á kún un, kò ní jìn mọ́.

Ẹ bomi rin oko láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, kí oòrùn ọ̀san má baà fà á lọ.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, bí ọkọ̀ Malanville bá dé nígbà ọyẹ́, ẹ bi awakọ̀ léèrè pé: odò ńkọ́? Bó bá ní kò kún, ẹ ti mọ̀ pé àlùbọ́sà lè wọ́n. Ó dìgbà kan ná o.