Òfin Ìlera, Ẹ̀kọ́ àti Iṣẹ́: Ohun tí ó yẹ kí Ará Ilé kọ̀ọ̀kan ní Ẹkùn Èjìgbò mọ̀



Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó máa ń gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ti ṣe òfin tuntun, tí a sì máa ń dáhùn pé, "Ọ̀rọ̀ àwọn ará Abuja nìyẹn." A kì í bèèrè ohun tí òfin náà wí, bẹ́ẹ̀ ni a kì í bèèrè ọ̀nà tí ó gbà kan àwa tí a wà ní Èjìgbò, ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ní Màsífà, àti ní àwọn abúlé oko tí ó yí wọn ká. Nítorí náà ni a ṣe pinnu láti ṣe àlàyé àwọn òfin tí ó kan ohun mẹ́ta tí kò sí ilé tí ó lè ṣe aláìní wọn: ìlera ara, ẹ̀kọ́ ọmọ, àti iṣẹ́ tí a fi ń jẹun.

Ohun kan ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sí ilé. Òfin rere dà bí àká tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Oúnjẹ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni pé kí orúkọ ẹni wà nínú ìwé, kí a sì mọ ibi tí a ó ti bèèrè. Ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ yìí, ebi lè pa á ní ẹnu ọ̀nà àká.

I. BÍ ÒFIN TI Ń DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Kì í ṣe ibì kan ṣoṣo ni òfin ti ń wá. Àwọn aṣòfin àpapọ̀ wà ní Abuja, wọ́n ń ṣe òfin fún gbogbo Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a yọ láti inú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀ ní Òṣogbo. Ọmọ ìgbìmọ̀ 26 ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni ó ń sọ̀rọ̀ fún Èjìgbò. Bí wọ́n bá fi ohùn ṣọ̀kan lórí àbá kan, a ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ gómìnà, ẹni tí a fún ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fi ọwọ́ sí i. Bí ó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé ìgbìmọ̀ náà sì tún gbà á wọlé, ó di òfin láìsí ọwọ́ gómìnà.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti àdéhùn láàrin ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, ọwọ́ Abuja ni ó wà. Ṣùgbọ́n ní ti ìlera, ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú ọmọdé, Abuja àti Òṣogbo ni ó jọ ń pín in ṣe. Ìdí nìyí tí òfin kan fi lè pẹ́ lójú ọ̀nà. A ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní Abuja ní ọdún 2003. Ó di ọdún 2007 kí Ọ̀ṣun tó sọ ọ́ di òfin tirẹ̀. Ọmọ tí ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe é ti pé ọdún méjìdínlógún, kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́ lójú òfin náà, kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

II. ÒFIN ÌLERA

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo aboyún kan ní abúlé oko, tí ìrọbí mú ní òru. A fi alùpùpù gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ẹnu iṣẹ́ sì wí pé kí a kọ́kọ́ lọ mú owó wá. Kí ni òfin wí? Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè, tí a ṣe ní ọdún 2014, wí ní ìpín rẹ̀ ogún pé òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti fún ẹnikẹ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì, ìdí yòówù tí ó lè jẹ́. Ẹni tí ó bá kọ̀, tí ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi, yóò san ₦100,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí kí ó jìyà méjèèjì pọ̀. Ẹ ṣe àkíyèsí pé òfin náà kò wí pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú yìí. Ohun tí ó wí ni pé ẹ̀mí ni kí a kọ́kọ́ gbà là, kí a tó mú ọ̀rọ̀ owó wá.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ̀mí bá bọ́, gbèsè ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwa tí iṣẹ́ wa máa ń mú wa dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn àti ẹnu ibojì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kú nítorí pé kò sí oògùn. Wọ́n kú nítorí pé wọ́n jókòó sí ilé, wọ́n ń ronú ibi tí owó oògùn yóò ti wá. Àrùn tí a lè fi owó díẹ̀ wò ní ọjọ́ Ajé ti di ọ̀ràn ńlá kí ó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Ohun tí òfin kejì wá láti tọ́jú nìyí.

Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí òfin tuntun lórí adójútòfò ìlera, èyí tí ó rọ́pò ti ọdún 1999. Ti ìṣáájú fi ọ̀rọ̀ náà sí ìfẹ́ inú ẹni, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó sì jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé ní Nàìjíríà, àgbẹ̀ àti oníṣòwò pẹ̀lú. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní àjọ tirẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Kí ni a ń pè ní adójútòfò? Gbogbo wa ni a mọ èésú. Nínú èésú, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá ni yóò kó nígbà tí ó bá kàn án. Adójútòfò kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ni a ń dá owó, ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn bá mú ni a ń fi owó náà tọ́jú. Ẹni tí ara rẹ̀ le ní ọdún yìí kò pàdánù. Ó ti gbé ẹrù ọmọnìkejì rẹ̀, ọdún tí ń bọ̀ sì lè jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí ó lè ba irú ètò bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé kí àwọn aláìsàn nìkan máa dá owó, kí àwọn tí ara wọn le sì dúró ní ìta. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, owó yóò tán kí ọdún tó yí. Èyí ni ó mú kí òfin wí pé dandan ni.

Àwọn tí kò lè dá owó ńkọ́? Òfin náà dá àpò kan sílẹ̀ fún wọn: àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn aboyún, àwọn arúgbó, àwọn abirùn, àti àwọn aláìní. Bákan náà ni òfin ọdún 2014 pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán náírà kan sọ́tọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún tí ó bá wọ àpò rẹ̀, fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, kí ìdajì owó náà sì gba ọ̀nà adójútòfò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí Èjìgbò, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agbo ilé kan láàrin wa tí kò ní ènìyàn ní Abidjan. Àwọn ará wa tí ó wà ní Côte d'Ivoire mọ ètò tí wọ́n ń pè ní CMU, èyí tí ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin rẹ̀ ní ọdún 2014, tí ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2019. Ẹgbẹ̀rún kan fránkì CFA ni a dá lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń san owó fún ìlera rẹ̀ ní Abidjan, tí ìyá rẹ̀ ní ilé kò sì sí nínú ìwé kankan, ẹ jẹ́ kí ó rò ó wò.

Kọ́kọ́rọ́ àká yìí ni ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé yóò mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, yóò fi orúkọ sílẹ̀, yóò sì yan ilé ìwòsàn kan tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ nígbà tí ara rẹ̀ kò bá dá. Bí agbára wọn kò bá ká a, àwọn ni yóò kọ ìwé tí yóò fi lọ sí èyí tí ó tóbi jù. A kì í fi orúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ìrọbí mú.

III. ÒFIN Ẹ̀KỌ́

Àwọn baba wa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ ọ̀rọ̀ yìí di àṣẹ. Ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án lọ́fẹ̀ẹ́: mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní ìpele àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Òbí tí kò bá rán ọmọ rẹ̀ lọ, ìbáwí ni ti ìgbà kìn-ín-ní. Ìgbà kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ₦5,000 tàbí oṣù méjì, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n idà olójú méjì ni òfin yìí. Ẹni tí ó bá gba owó ilé ẹ̀kọ́ lórí ohun tí òfin wí pé ọ̀fẹ́ ni, òun pẹ̀lú ti rú òfin, ìjìyà sì wà fún un.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé fi kún un. Kò sí ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún tí a lè gbé ní ìyàwó. A kò gbọdọ̀ fi ọmọdé kiri ọjà ní òpópónà. Ọmọ lè ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ní ilé tàbí ní oko àwọn ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbé ẹrù tí yóò pa á lára lé e lórí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi etí sí èyí: ọmọbìnrin tí ó bá lóyún kí ó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, òfin wí pé kí a fún un ní àyè láti padà sí ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí ó bá bímọ. Ìtìjú ilé kò tó ìdí láti sọ ìwé rẹ̀ sínú iná.

Ta ni ó ń san owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́? Òfin 2004 ya náírà méjì sọ́tọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún láti inú owó ìjọba àpapọ̀. Síbẹ̀ ìpínlẹ̀ kò lè rí èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún ilé kíkọ́ gbà, àfi bí òun náà bá mú ó kéré tán ìdajì owó iṣẹ́ náà wá. Nítorí náà, nígbà tí a bá rí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń jò, ìbéèrè tí ó yẹ ni pé: ǹjẹ́ ìpínlẹ̀ ti mú ìdajì tirẹ̀ wá?

Ìtàn ti kọ́ wa ní èyí rí. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, a dá ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà lé asanwó-orí kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àwọn ènìyàn kùn gidigidi, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fìdí rẹmi ní ẹkùn tirẹ̀ nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Síbẹ̀ ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, iye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì gòkè láti nǹkan bí 457,000 dé ohun tí ó ju 811,000 lọ ní ọdún kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kùn ni ọmọ wọn di olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì. Owó tí a kò ṣe àlàyé rẹ̀ fún ará ìlú, ìnira ni yóò jọ lójú wọn.

IV. ÒFIN IṢẸ́

Ìjọba kan náà ni ó fi ṣílè márùn-ún lóòjọ́ ṣe owó iṣẹ́ tí ó kéré jù ní ọdún 1954. Lóde òní, òfin tí a fi ọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 sọ owó oṣù tí ó kéré jù di ₦70,000, ó sì pàṣẹ pé kí a máa tún un gbé yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ní òpin ọdún kan náà, ìjọba Ọ̀ṣun kéde ₦75,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Òfin yìí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò ní òṣìṣẹ́ tó márùndínlọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò dé ọ̀dọ̀ alágbàṣe tí ń ṣe iṣẹ́ oko ní àsìkò nìkan. Ẹ ka àwọn ibi ìlọ gàrí, ilé aránṣọ, àti ìsọ̀ káfíńtà tí ó wà ní Èjìgbò. Mélòó ni ó ní òṣìṣẹ́ márùndínlọ́gbọ̀n? Ìbò mọ́lẹ̀ ńlá kan nìyí, ẹ̀rí-ọkàn ọ̀gá nìkan ni ó sì ń ṣọ́ ọ.

Síbẹ̀ àwọn ohun mìíràn wà tí òṣìṣẹ́ lè dì mú. Òfin Iṣẹ́ wí pé kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ó fún obìnrin tí ó fẹ́ bímọ ní ọ̀sẹ̀ méjìlá, mẹ́fà ṣáájú ìbí àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ tó oṣù mẹ́fà, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì. Bí ó bá sì padà, kí a fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fi ọmú fún ọmọ rẹ̀. Òfin ọdún 2010 lórí ìpalára ní ẹnu iṣẹ́ sì wí pé kí ọ̀gá máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan, kí a lè fi tọ́jú ẹni tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe. Òṣìṣẹ́ kò ní san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fara pa gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé. Ẹni tí ẹ̀rọ gé ní ìka, tí ó lọ jókòó sí ilé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

V. IṢẸ́ TÍ Ó KÙ FÚN WA

A kò sọ pé àwọn òfin wọ̀nyí pé. Owó ìtanràn wọn ti di yẹpẹrẹ, àwọn tí ó yẹ kí ó mú wọn ṣẹ máa ń sùn, ọ̀pọ̀ alágbàṣe sì wà ní ìta gbangba. Ṣùgbọ́n a kò lè bèèrè èyí tí ó kù, nígbà tí a kò tíì gba èyí tí ó wà nílẹ̀.

Nítorí náà, a ń gba ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé níyànjú, kí ẹ ṣe ohun mẹ́ta. Èkínní, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín mú arúgbó kan àti aboyún kan ní àdúgbò rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ tàbí Mùsùlùmí, kí ó bá wọn lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú. Èkejì, kí a ka àwọn ọmọ tí ń kiri ọjà ní àkókò ilé ẹ̀kọ́, kí a sì tọ òbí wọn lọ pẹ̀lú sùúrù kí a tó fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn, bàtà àti ìwé ni ó ń fa ìdíwọ́. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó gba ènìyàn sí iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan, kọ àdéhùn rẹ̀ sínú ìwé, kí ó sì san owó náà ní ọjọ́ tí ó dá.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba ti kọ òfin sí orí pẹpẹ. Àwa tí ọwọ́ wa tó o ni ó yẹ kí ó gbé e sọ̀kalẹ̀ fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó.