Ọgbẹ́ Ọrùn Tí Ó Kan Iṣan Ẹ̀jẹ̀: Ìlàlóye fún Àwọn Ará Ìwáyà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n bí a bá pa á mọ́ra nítorí pé kò dùn, ẹ̀mí ni yóò bá a lọ, ẹ̀mí kò sì ní ààrọ̀. Ó dá lórí ọgbẹ́ tí ọ̀bẹ, àfọ́kù ìgò, ọta ìbọn, gíláàsì ọkọ̀ tàbí abẹ ẹ̀rọ tí wẹ́dà fi ń gé irin bá dá sí ènìyàn lọ́rùn, tí ó sì wọlé dé ibi tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá wà.

Ọrùn kò tóbi, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó rù pọ̀. Lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ ni iṣan àlọ tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn lọ sí ọpọlọ wà, èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi ìka méjì kàn ní ẹ̀gbẹ́ gògóńgò kí ó sì mọ̀ ọ́n bí ó ti ń lù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni iṣan àbọ̀ tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn gbà. Àárín wọn ni ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ wà. Ẹ̀jẹ̀ ara àgbàlagbà kò ju bíi lítà 5 lọ, bí iṣan àlọ yìí bá sì ya, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti dà á nù kọjá àtúnṣe. Nítorí náà, aládùúgbò tí ó bá wà nítòsí ni yóò kọ́kọ́ di ẹ̀mí ẹni tí ó gbọgbẹ́ mú, kí dókítà tó rí i.

Kí aládùúgbò náà mú aṣọ tí ó mọ́, kí ó fi ìka tàbí àtẹ́lẹwọ́ tẹ ojú ibi gan-an tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú jáde, kí ó tẹ̀ ẹ́ gbọn-in sí ìhà eegun ẹ̀yìn ọrùn, kí ó má sì gbé ọwọ́ kúrò láti yẹ ibẹ̀ wò, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá gbé ọwọ́ ni ẹ̀jẹ̀ tí ó ti fẹ́ dì yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Bí aṣọ bá rin, kí ó fi òmíràn lé e lórí. Kí ó má fún gògóńgò, kí ó má tẹ ìhà méjèèjì pọ̀, kí ó má sì so aṣọ tàbí okùn yí ọrùn ká. Kí wọ́n tẹ́ ẹni náà sílẹ̀ gbalaja, nítorí iṣan àbọ̀ tí ó ya lè fa afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ náà bí ó bá dé ọkàn sì lè dá a dúró. Àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dí i lẹ́nu, nígbà náà kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ó wà bí ó ti lè mí.

Bí ọ̀bẹ tàbí àfọ́kù ìgò bá ṣì wà nínú ọgbẹ́, ẹ má fà á yọ. Àánú ni í mú kí ọwọ́ ènìyàn yá sí i, ṣùgbọ́n ohun náà lè jẹ́ òun gan-an ni ó dí iṣan tí ó gé. Ẹ fi aṣọ ká a mọ́ kí ó má mì. Yàrá iṣẹ́ abẹ ni a ti ń yọ ọ́. A mọ̀ pé ewé Akíntọ́lá ni ọ̀pọ̀ wa ń fún sí ojú ibi tí àdá bá gé ni lóko. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ọrùn kọjá ohun tí à ń fi ewé, eérú tàbí kẹrosíìnì wò. Ẹ má fún ẹni tí ó gbọgbẹ́ ní ohunkóhun mu.

Kí ẹlòmíràn pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 112 tàbí 767. Bí ó bá jẹ́ pé mọ́tò àdúgbò ni ẹ ó fi gbé e gba Oníkẹ̀ àti Yábàá lọ sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, gbogbo wa ni a mọ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà yẹn ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, kí ẹni tí ń tẹ ọgbẹ́ bá wọn wọ ọkọ̀, kí ó máa tẹ̀ ẹ́ títí tí nọ́ọ̀sì yóò fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tí ó ń tan ènìyàn jẹ jù ni ọgbẹ́ kékeré. Ojú rẹ̀ lè má ju ẹyọ àgbàdo kan lọ, kí ẹ̀jẹ̀ sì ti dá, tí wọn yóò fi ní kí oníkẹ́mísì rán an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà. Bí ọrùn bá ń wú, bí ohùn bá há, bí ẹni náà bá ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀, bí ìpéǹpéjú kan bá wálẹ̀, bí ẹnu bá wọ́ tàbí bí apá kan bá kú tipiri, iṣan lè ti fara pa nínú lọ́hùn-ún. Ìrọlápá-rọlẹ́sẹ̀ sì lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀.

Ní ti ìwé ọlọ́pàá tí ilé ìwòsàn lè béèrè kí wọ́n tó tọ́jú ẹni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014 kò gba ilé ìwòsàn kankan láàyè láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọ̀bẹ ni ó gún un. Òfin ti 2017 lórí ẹni tí ìbọn bà pàṣẹ pé kí a tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ọlọ́pàá tàbí láìsí i, láìgba owó ṣáájú. Ilé ìwòsàn ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2. Ẹni tí ó bá kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tí ẹ̀mí fi bọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 tàbí ₦500,000 owó ìtanràn, tàbí méjèèjì, ń dúró dè é.

Ní ti iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Ambroise Paré, oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Faransé, so iṣan ọrùn ọmọ ogun kan tí ó gbọgbẹ́. Ọkùnrin náà yè, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kan sì rọ. Lónìí, iṣan àlọ náà ni a ń rán padà, tàbí kí a fi iṣan tí a yọ lára ẹsẹ̀ lẹ̀ ẹ́, kí ọpọlọ má bàa pàdánù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní 1956, àwọn dókítà Fogelman àti Stewart ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú ènìyàn 100 tí ó gbọgbẹ́ ọrùn tí a tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún, bíi 6 ni ó kú, ṣùgbọ́n bíi 35 nínú 100 ni ó kú lára àwọn tí a fi falẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Groote Schuur, ní Cape Town, àwọn dókítà a máa ti rọ́bà tí a fi ń fa ìtọ̀ bọ ojú ọgbẹ́, wọn a fi omi fẹ́ bàlúùnù ẹnu rẹ̀, bàlúùnù náà a sì máa tẹ iṣan náà láti inú títí tí iṣẹ́ abẹ yóò fi yá.

Iṣẹ́ abẹ yìí ń gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Kí ẹbí méjì tàbí mẹ́ta tí ara wọn le bá aláìsàn lọ, kí wọ́n sì sọ fún nọ́ọ̀sì ní ẹnu ọ̀nà pé àwọn ṣe tán láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.