Ṣé ọsàn wẹ́wẹ́, ọṣẹ ìfọyín àti oyin lè wo irorẹ́ lóòótọ́?

Bí irorẹ́ bá yọ sí ènìyàn lójú, kì í pẹ́ tí ìmọ̀ràn fi máa ń wọlé. Ìyá lè ní kó fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, ọ̀rẹ́ lè ní kó fi ọṣẹ ìfọyín lé e kó tó sùn, ẹlòmíràn a sì ní ìtọ̀ àárọ̀ ni òun fi gbá tòun dànù.

Ní àríwá Nàìjíríà, ewé dóńgóyárò ni àwọn mìíràn máa ń gún sí i. Ní Ghana, ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní alata samina ni ọ̀pọ̀ fi ń fọ ojú tí irorẹ́ bá bò ó.

Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò wọ́n, wọn kò sì jìnnà síni. Àmọ́ ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́, ṣé wọn kò sì ní ewu?

Kí ló ń fa irorẹ́?

Àwọn àpò kéékèèké kan wà lábẹ́ awọ ara tó ń pèsè òróró. Nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà, àyípadà tó ń bá hòmóònù máa ń mú kí òróró yìí pọ̀ sí i. Bí òróró náà bá pò mọ́ awọ tó ti kú, yóò dí ihò tí irun ń gbà jáde.

Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Cutibacterium acnes, tó máa ń gbé lára ènìyàn, yóò wá máa pọ̀ sí i nínú ihò náà. Ojú ibẹ̀ á wú, á sì máa dunni.

Èyí túmọ̀ sí pé irorẹ́ kì í ṣe àmì ìdọ̀tí. Fífi kànhìnkànhìn ha ojú kò lè dé ibi tí ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló máa ń dá egbò sójú.

Kí nìdí tí aláwọ̀ dúdú fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra?

Bí ohunkóhun bá bó awọ ara tàbí tó mú kó wú, awọ aláwọ̀ dúdú sábà máa ń pèsè melanin, ìyẹn èròjà tó ń fún awọ ní àwọ̀ rẹ̀, ju bó ṣe yẹ lọ. Àpá dúdú ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Irorẹ́ kan lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, àmọ́ àpá rẹ̀ lè lo ọ̀pọ̀ oṣù lójú. Nítorí náà, kò tó kí ènìyàn béèrè bóyá nǹkan kan máa ń gbẹ irorẹ́. Ó yẹ kó tún béèrè ohun tó máa fi sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọsàn wẹ́wẹ́

Lórí òṣùwọ̀n pH tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó, awọ ara wà ní nǹkan bíi 5, omi ọsàn wẹ́wẹ́ sì wà ní nǹkan bíi 2. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó, àlàfo 3 yìí sì túmọ̀ sí ìlọ́po 1,000. Kò yani lẹ́nu pé ó máa ń ta.

Ewu kejì ni oòrùn. Èròjà kan wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ tó jẹ́ pé bí oòrùn bá pa á lára awọ, ó lè jó ojú ibẹ̀, kó lé ròrò, kó sì di àpá dúdú.

Ọṣẹ ìfọyín àti ááyù

Ọṣẹ ìfọyín lè gbẹ irorẹ́ díẹ̀, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ eyín tó le ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn èròjà inú rẹ̀ lè bó awọ ojú.

Ááyù tútù náà lè jó awọ ara bí ẹni fi iná sí i.

Ìtọ̀ àárọ̀

Òótọ́ ni pé èròjà kan tó ń jẹ́ urea wà nínú ìtọ̀, ó sì wà nínú àwọn ìpara kan. Àmọ́ ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe urea inú ìpara, wọ́n sì máa ń wọn ìwọ̀n rẹ̀. Kò sí ẹ̀rí pé ìtọ̀ ń wo irorẹ́, ó sì lè kó kòkòrò àìsàn wọ ojú egbò.

Oyin, etí erin àti dóńgóyárò

Oyin kì í sábà ṣe ojú ní jàm̀bá. Àmọ́ ìwádìí kan tó jáde ní New Zealand lọ́dún 2016 kò rí ẹ̀rí pé fífi oyin igi kanuka kún ọṣẹ apakòkòrò dára ju ọṣẹ náà nìkan lọ.

Etí erin, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí aloe vera, lè tu awọ ara lára. Omi yẹ́lò tó wà lábẹ́ èèpo rẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn fọ̀ kúrò, torí ó lè mú kí ara máa yúnni.

Ewé dóńgóyárò lè pa àwọn bakitéríà kan nínú yàrá àyẹ̀wò, àmọ́ ìyẹn kò tíì sọ pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ènìyàn.

Òróró tea tree ló ní ẹ̀rí díẹ̀ lẹ́yìn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 124 ní Australia, tó jáde lọ́dún 1990, fi hàn pé ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ dín irorẹ́ kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ ju oògùn benzoyl peroxide lọ. Kò yẹ kí wọ́n fi í sójú láìpò ó, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gbé e mu.

Ọṣẹ dúdú àti òróró irun

Eérú ni wọ́n fi ń ṣe ojúlówó ọṣẹ dúdú, ó sì lè gbẹ awọ ojú jù. Ti òróró irun yàtọ̀: láti ọdún 1970 ni àwọn dókítà ti kọ̀wé nípa irorẹ́ tó máa ń yọ níwájú orí nítorí òróró tí ènìyàn fi sí irun.

Ìpara àpòpọ̀ ni ewu tó tóbi jù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dúró lórí irorẹ́. Bí àpá dúdú bá ti kù lójú, wọ́n á wá ìpara tó máa pa á rẹ́, ibẹ̀ sì ni ìpara abóra àti èyí tí wọ́n pò lọ́jà ti ń wọlé.

Steroid wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ó lè mú kí ojú dán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ bí ènìyàn bá ń lò ó lọ, awọ ojú á fẹ́lẹ́, irorẹ́ mìíràn á sì tú jáde. Bó bá sì dáwọ́ dúró, ojú lè burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tó ń mú kí ọ̀pọ̀ padà sídìí ìpara náà.

Àwọn mìíràn ní mercury, tó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ghana fòfin de ìpara tó ní hydroquinone lọ́dún 2016. Lọ́dún 2023, àjọ NAFDAC ní Nàìjíríà sọ pé ọ̀rọ̀ ìpara abóra ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì.

Kí ló wá ń ṣiṣẹ́?

Lára oògùn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí nínú ìlànà wọn ti ọdún 2024 ni benzoyl peroxide, adapalene, salicylic acid àti azelaic acid. Ènìyàn lè rí díẹ̀ nínú wọn ní ilé ìtajà oògùn. Kí aláboyún béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó lo èyíkéyìí, kò sì gbọ́dọ̀ lo adapalene.

Wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ìyàtọ̀ tó hàn.

Àwọn ohun tí kò náni lówó púpọ̀ náà wà:

• Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ ojú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.
• Ẹ má tẹ irorẹ́, ẹ má sì fi èékánná já a.
• Ẹ kọ́kọ́ dán ohun tuntun wò ní apá fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kan ojú.
• Ẹ má ra ìpara tí kò ní orúkọ àwọn èròjà inú rẹ̀ lára.

Bí irorẹ́ bá tóbi, tó ń dunni, tó ń dá kòtò sójú, tàbí tó ń mú kí ọmọ máa sá fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ti kọjá ohun tí wọ́n ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ dán wò nílé. Kí wọ́n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí oògùn wà fún un kí àpá tó dé.