Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá ń fi iṣẹ́ àfikún ilé falẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló jẹ́ ẹ̀bi agbaṣẹ́ṣe, nítorí pé kọnkéré dẹ́kìn, ìyẹn èyí tí wọ́n ń dà sórí ògiri kí wọ́n tó kọ́ yàrá òkè, sábà máa ń lo ọjọ́ 14 sí 21 kí wọ́n tó yọ igi àti pákó tó gbé e ró. Àmọ́ bí agbaṣẹ́ṣe bá gba owó àsansílẹ̀ tán, tó wá fi parí iṣẹ́ onílé mìíràn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti kọnkéré.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àdéhùn wà ní kíkọ, kí ó dárúkọ ọjọ́ ìparí, kí ó sì pín owó sí ìpele: ìpìlẹ̀, ògiri, òrùlé àti rírẹ́, tí onílé kò sì ní san ti ìpele kan kí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tó parí.

Bí ọjọ́ bá yẹ̀, kí onílé ya àwòrán ibi tí iṣẹ́ dé, kí ó sì kọ lẹ́tà tó fún agbaṣẹ́ṣe ní gbèdéke tuntun. Bí gbèdéke náà bá tún kọjá, tí agbaṣẹ́ṣe kò sì dá owó tó jẹ onílé padà, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018, wà fún gbèsè tó ní iye pàtó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Síbẹ̀, owó tí onílé kò tíì san ló ń mú iṣẹ́ yá ju ẹjọ́ lọ.