Bàálù Láti Àkúrẹ́ Dé Èkó: Ìṣẹ́jú 45 Nìkan Kọ́ O

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni àwọn ọmọ ti ń sọ fún pé, "Màámi, ẹ wọ bàálù wá s'Ékòó, ìṣẹ́jú 45 péré ni." Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ wọn ò sọ ọ́ tán. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú 45 bá oníbàárà ṣàdéhùn lè pàdánù oníbàárà náà. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á là á yé ara wa.

Láti pápá bàálù Àkúrẹ́ dé ti Ìkẹjà, bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, nǹkan bíi kìlómítà 230 ni. Ọ̀nà mọ́tò jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí ó ń yí gba Òrè tàbí Ìbàdàn. Bàálù ńlá lè sá kìlómítà 700 ní wákàtí kan. Àbí ìṣẹ́jú 20 kọ́ ló yẹ kó jẹ́? Rárá o. Á kọ́kọ́ rọra rìn nílẹ̀, á gòkè, kò sì tíì sáré tẹ́rùn tí á tún ti máa sọ̀kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò ọjà. Iye tí a ra ẹ̀wà lóko kọ́ ló fi ń dé ìsọ̀: owó ọkọ̀ ń bẹ, owó alábàárù ń bẹ. Láti Ọ̀wọ̀ dé pápá bàálù, tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Àkúrẹ́, ẹ mú wákàtí 1. Ká tètè débẹ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ ìforúkọsílẹ̀ dúró, wákàtí 1 àbọ̀. Òfurufú, ìṣẹ́jú 45. Ká sọ̀kalẹ̀ ká gba ẹrù, ìṣẹ́jú 30. Ìkẹjà dé Balógun nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, wákàtí 1 àbọ̀. Gbogbo rẹ̀ di wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 15!

Ẹ̀yin ará Ifọ̀n, Bìní náà ò jìnnà sí yín. Láti Bìní dé Ìkẹjà lófurufú tó nǹkan bíi kìlómítà 255. Kìlómítà 25 tó fi lé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lójú bàálù. Bí ojú títì ṣe rí àti wákàtí tí bàálù ń gbéra ni kí ẹ fi yan èyí tẹ́ ẹ máa wọ̀.

Ẹ rántí ọyẹ́ o. Bí eruku bá bo ojú ọ̀run, bàálù lè dúró títí, tàbí kó má tiẹ̀ lọ mọ́. Wọ́n sì ń wọn ẹrù. Èyí tó bá lé, a ó sanwó lé e. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kánjúkánjú tàbí ara ò lè gba wàhálà ọ̀nà, bàálù dára. Bó bá jẹ́ ẹrù ọjà ni, ọkọ̀ ilẹ̀ ló ni ín. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí bàálù ń lọ kẹ́ ẹ tó ná owó, torí wọ́n máa ń yí i padà.

Àlọ ire, àbọ̀ ire fún gbogbo wa.