Ìṣẹ́jú Kan Péré

Ìṣẹ́jú 60 ni ó wà nínú wákàtí kan. Bí agogo ti ń kà á nìyẹn. Ẹnu ènìyàn kì í kà á bẹ́ẹ̀.

Bí akọ̀wé kan ní Àgọ́-Ìwòyè bá sọ fún yín ní Gẹ̀ẹ́sì pé, “Just a minute,” kí ẹ dúró díẹ̀ ni ó wí. “In a jiffy” kò ní iye. “Kíá” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí awakọ̀ ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Igbó bá ní, “Now now ni a ń lọ,” ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọkọ̀ ti kún.

Àwa náà ń ṣe é. Ẹni tí ó ń jáde lọ á ní, “Mò ń bọ̀.” Bí ó bá sọ ọ́ fún Òyìnbó pé, “I’m coming,” ẹnu á ya Òyìnbó, nítorí ó rí i pé lílọ ni ó ń lọ.

Nínú eré, èyí kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan oògùn ọmọ, tàbí ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé aláìsàn ní Ogun Waterside, “láìpẹ́” kò tó. Ẹ bèèrè pé, “Aago mélòó gan-an?” Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n kọ: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.