Tọ́ọ̀pù Kọ́ ni Tápẹ́ẹ̀tì Kọ́fà: Ọ̀rọ̀ lórí Ọ́ìlì Tó Ń Jò

Ẹni tó bá ti jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gba rí yóò mọ òórùn ọ́ìlì tó ń jóná. Bí a bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ó rí i pé ara ẹ́ńjìnnì ti dúdú, ọ́ìlì sì ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú, nítorí ohun méjì ni àwa onímọ́tò máa ń pè ní orúkọ kan ṣoṣo.

Èkíní ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Èkejì ni gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn ti ọmọrí tó bo àwọn fáàfù. Kí a tó pààrọ̀ ti èkíní, a ní láti sọ orí ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, owó ńlá sì ni. Ti èkejì kì í sábà ju iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Múṣin tó ní, “Tọ́ọ̀pù mi ló ń jò,” nígbà tó jẹ́ pé ọmọrí lásán ni, lè fi owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Báwo ni a ó ṣe dá wọn mọ̀? Bí tọ́ọ̀pù bá jó, omi ráńdíétọ̀ a máa dín kù, ẹ́ńjìnnì a máa gbóná jù, èéfín funfun a máa rú, ọ́ìlì ara géèjì sì lè dà bí tíì tí a bu mílíìkì sí. Bí ó bá jẹ́ ọmọrí, ọ́ìlì nìkan ni ó ń ṣàn láti etí rẹ̀. Omi kò mọ ohunkóhun sí i.

Ooru ni ó ń fà á. Rọ́bà a máa le, a sì máa là. Kọ́ọ̀kì inú ọkọ̀ àtijọ́ a máa gbẹ. Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, ní ọmọrí méjì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ọ̀tún kan, òsì kan, tí wáyà irin dì mú. Ìdí nìyí tí ọ́ìlì rẹ̀ fi ń kán sílẹ̀ tààrà. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ibi tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí bá dí, atẹ́gùn inú rẹ̀ yóò ti ọ́ìlì jáde, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun pàápàá kò ní pẹ́ jò.

Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ nu ara rẹ̀ mọ́, kí ẹ lè rí ibi tí ọ́ìlì ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ẹ tú ọmọrí, ẹ ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, ẹ má sì jẹ́ kí ìdọ̀tí já sínú. Ẹ mú ògbólógbòó náà dání lọ sí ọjà Ládípọ̀, kí ẹ fi wé tuntun. Nígbà tí ẹ bá ń dì í, láti àárín ni kí ẹ ti máa lọ sí etí, díẹ̀díẹ̀; àdìjù ni ó ń tẹ ọmọrí wọ́. Ẹ má fi góòmù rọ́pò gásíkẹ́ẹ̀tì, nítorí èyí tó bá bọ́ sínú lè dí ojú ọ̀nà ọ́ìlì.

Ẹ má sì sọ pé díẹ̀ ni ó ń jò. Bí ọ́ìlì bá ń kán sórí páìpù sàlẹ́ńsà tó gbóná, èéfín ni a kọ́kọ́ ń rí; iná lè tẹ̀ lé e. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ ohun tó ń jò, kí ẹ tó na owó lé e lórí.